Bẹẹrẹ Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lẹ́yìn Ilé

Títí di òní olónìí, bí ẹnikẹ́ni bá ń sun pàǹtí ládùúgbò wa, tí èéfín rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé, ẹsẹ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Á ti gbé mi dé ẹnu ọ̀nà kí ọkàn mi tó rántí ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n á ní, "Màmá, ṣé iná pàǹtí yìí lẹ ń sá fún àbí ti ọ̀run àpáàdì?" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Àkọ́bí wọn, tó máa ń rẹ́rìn-ín jù, kò mọ̀ pé ẹ̀yìn mi ni òun wà lọ́jọ́ tí ẹ̀rù náà wọ̀ mí lára.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ náà, a sì ń gbé ní abà kan lọ́nà oko Èrúwà, abà onílé mẹ́ta péré. Ilé amọ̀ ni gbogbo wọn, òrùlé koríko ló sì wà lórí wọn. Páànù ti wà ní ìlú nígbà náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò ru páànù lọ sí oko? Bẹẹrẹ la fi ń bo ilé, koríko tó máa ń ga ju ènìyàn lọ, tí a máa ń gé bó bá ti gbẹ. Bí ẹni tó bo ilé bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, òjò kì í wọlé, inú ilé á sì tutù lọ́sàn-án. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé iná fẹ́ràn rẹ̀ ju bí àwa ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò bá gbé Ìbàràpá rí lè má mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́. Bí òjò bá ti dá báyìí, gbogbo pápá á pọ́n. Àwọn ọdẹ á máa tiná bọ igbó láti lé ọ̀yà jáde, àgbẹ̀ á máa sun ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀, ẹlòmíràn á kàn ju sìgá sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bó ti wù kí iná náà bẹ̀rẹ̀, ilé ẹni tó bá súnmọ́ ọn ló máa jẹ. Nítorí náà, gbogbo abà ló ní àṣà kan. Kí ọyẹ́ tó dé rárá, nígbà tí koríko bá ti pọ́n lókè ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù, a ó sun ẹ̀yìn ilé wa fúnra wa. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń ṣe é, nígbà tí atẹ́gùn bá ti rọlẹ̀. Àwọn ọkùnrin á kọ́kọ́ fi ọkọ́ ro ilẹ̀ yí abà ká, àwa obìnrin á gbá a mọ́, lẹ́yìn náà kálukú á tiná bọ koríko tó wà lẹ́yìn ilé tirẹ̀, á sì dúró tì í pẹ̀lú ẹ̀ka igi tútù lọ́wọ́. Iná inú koríko tútù kì í yára. Ńṣe ló máa ń rìn bí arúgbó. Bó bá jẹ dé ibi tí a fẹ́, a ó lù ú pa. Nígbà tí ọyẹ́ bá wá dé, ilẹ̀ dúdú ló máa yí wa ká. Ìyá ọkọ mi máa ń sọ pé iná kì í padà síbi tó ti jẹun tán.

Èmi àti ìyá ọkọ mi yìí la jọ ń gbé yàrá kan. Obìnrin títóbi ni, ohùn rẹ̀ sì tóbi jù ú lọ. Nínú òjò ọdún yẹn ló yọ̀ ṣubú lọ́nà odò, egungun itan rẹ̀ sì dá. Wọ́n tò ó, ṣùgbọ́n kò jinná dáadáa. Orí ẹní ló máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, bó bá sì fẹ́ kúrò lójú kan, ọwọ́ méjèèjì ló máa fi wọ́ ara rẹ̀. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún un, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò ní rí àṣìṣe mi. Iyọ̀ pọ̀ jù. N kò gbá ìdí àmù. N kò gbá ẹ̀yìnkùlé dé ìdí koríko. Mo bẹ̀rù rẹ̀, n kò sì lè purọ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà.

Ohun tí mo fẹ́ láyé ni yàrá tèmi. Ọkọ mi ti ṣèlérí pé bí mo bá lè rí bẹẹrẹ tó pọ̀ tó, òun á mọ yàrá kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé fún mi nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Àfi bí ẹni pé Ọlọ́run gbọ́: bẹẹrẹ tó dára jù ní gbogbo agbègbè náà, ẹ̀yìn ilé wa gan-an ló hù sí lọ́dún náà. Ó ga, ó nà, ó pọ̀ bí irun orí. Ẹ wo èmi tí mo pọn ọmọ, ẹ ní kí n sun eléyìí, kí n wá máa lọ ru bẹẹrẹ ní ọ̀nà jíjìn! Nígbà tí gbogbo abà ń sun ẹ̀yìn ilé, mo sun apá ọ̀tún, mo sun apá òsì, mo fi àárín sílẹ̀, ibi tó fẹ̀ tó ilé méjì. Ọkọ mi béèrè. Mo ní ó ṣì tutù jù, kò gbiná, pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ màá sun ún. Irọ́ ni. Mò ń dúró kó gbẹ kí n gé e ni. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, iṣẹ́ oko ti gba ọkàn rẹ̀, kò sì béèrè mọ́.

Ìyá ọkọ mi kò gbàgbé ní tirẹ̀. Láti orí ẹní rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, koríko náà ló ń wò lójoojúmọ́.

"Ìyàwó, ta ni koríko yẹn ń dúró dè, ṣé ìwọ ni àbí iná?"

"Èmi ni, Ìyá."

"A kì í fi iná sórí òrùlé sùn o."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá," mo sì ń kùn sí i nínú. Mo rò pé kò fẹ́ kí n ní yàrá tèmi ni, nítorí ta ni yóò wá máa bá a bu omi ní gbogbo ìgbà tó bá pè?

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Ọyẹ́ ti mú, ètè gbogbo wa ti bó. Jímọ̀ náà bọ́ sí ọjọ́ ọjà, nítorí náà àwọn ọkùnrin gun kẹ̀kẹ́ lọ kírun ní Èrúwà, àwọn obìnrin ilé méjì yòókù ru ẹ̀gúsí tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì kó àwọn ọmọ wọn dání. Èmi, ọmọ mi àti Ìyá ló kù ní abà. Ọjọ́ kejì ni mo ti pinnu pé màá bẹ̀rẹ̀ sí í gé bẹẹrẹ mi. Mo ti pọ́n dòjé sílẹ̀.

A jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, à ń bó ẹ̀gúsí. Ọmọ ń rá kiri lórí ẹní. Ẹ̀gúsí funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àtẹ tó wà láàárín wa nígbà tí nǹkan dúdú kan rọra bọ́ sínú rẹ̀. Mo fẹ́ fọwọ́ gbá a dànù, ṣùgbọ́n Ìyá ti mú un. Màjàlà ni, eérú koríko jíjó tí atẹ́gùn máa ń gbé kiri. Ó fi ìka méjì lọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Bẹẹrẹ ni. Kò tíì tutù tán."

Bí iná bá jó oko, màjàlà ní í ṣòfófó fún ará ilé. Èyí àkọ́kọ́ kò tíì kúrò lọ́wọ́ Ìyá tí òmíràn fi bọ́, tí mẹ́ta bọ́, tí gbogbo àtẹ ẹ̀gúsí fi dàbí ara adìyẹ abilà.

Mo dìde wò. Èéfín ti ga lẹ́yìn òkè kékeré tó wà níwájú wa, àwọn àwòdì sì ń yí lókè rẹ̀. Àwòdì kì í yí lásán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn; eku àti tata tó ń sá fún iná ni wọ́n ń dọdẹ. Ọyẹ́ ń fẹ́ láti ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa tààrà. A kò mọ ẹni tó tiná bọ igbó náà títí di òní. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀: ó ń dún bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń fa aṣọ ya pa pọ̀. Lẹ́yìn náà àwọn òkété bẹ̀rẹ̀ sí í gba àgbàlá wa kọjá lọ́sàn-án gangan, wọn kò tilẹ̀ wò wá. Ejò kan kọjá lẹ́bàá ẹní ọmọ mi, kò dúró. Ejò tí kò ráyè wo ènìyàn, ohun tó ń lé e burú ju ènìyàn lọ.

Mo gbé ọmọ pọ̀n. Mo ki ọwọ́ bọ abíyá Ìyá méjèèjì, mo fà á. Kò kúrò. Mo tún fà á, ó figbe ta nítorí itan rẹ̀. Mo di ẹní tó jókòó lé mú, mo wọ́ ọ, ẹní ya. Èmi tí n kò tó ìdajì rẹ̀! Mo gbójú sókè, iná ti yọ lórí òkè, ó pupa, ó ga, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Bẹẹrẹ mi dúró láàárín àwa pẹ̀lú rẹ̀, ó gbẹ táútáú, ó ń mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan òrùlé wa. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Ọ̀nà ni mo là fún iná, láti inú pápá dé ibi tí Ìyá jókòó sí.

Mo sá.

Mo ti gbìyànjú láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó rọ̀ ju ìyẹn lọ, kò sí. Mo fi ìyá ọkọ mi sílẹ̀ lórí ẹní tó ya, mo sì kọrí sí ọ̀nà odò. N kò sọ nǹkan kan fún un. N kò wẹ̀yìn. Mo ti dé ìdí máńgòrò tó wà lójú ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn ńlá tí mo ti ń sá fún láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ.

"Ìyàwó! Fi aṣọ bo ọmọ lórí! Èéfín ń bọ̀!"

Mo dúró. Mo ti rò pé á gégùn-ún fún mi ni, tàbí kó bẹ̀ mí. Ká ní ó bẹ̀ mí, n kò mọ ohun tí n bá ṣe. Bóyá n bá máa sá lọ. Mo fa ìborùn mi bo ọmọ lórí gẹ́gẹ́ bó ti wí. Mo wá fẹ́ gbẹ́sẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ kọ̀. Ẹ má pè é ní ìgboyà. Ìtìjú ló dá mi padà, ẹ̀rù sì ń bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ọ̀dọ̀ iná ni mò ń sáré lọ báyìí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Nígbà tí mo dé, Ìyá ti wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí àmù. Kò béèrè ibi tí mo ti ń bọ̀.

"Gbé ọmọ fún mi. Rẹ aṣọ méjì sómi. Mú ìṣáná wá."

"Ìṣáná, Ìyá? Iná ń bọ̀, ẹ ní kí n mú ìṣáná wá?"

"Ohun tó yẹ kó o ti sun láti ọjọ́ yìí, wá sun ún báyìí. Bí iná yẹn bá bá koríko yìí níbẹ̀, inú ilé ló máa gbà kọjá. Bó bá bá ilẹ̀ dúdú, á dúró. Ìdí ilé níbí ni kó o ti tiná bọ̀ ọ́. Má jẹ́ kó padà sọ́dọ̀ wa. Ṣe kíá!"

Mo gbé ọmọ fún un. Ó tẹ́ ẹ sí àyà, ó fi aṣọ tútù kan bo àwọn méjèèjì, ojú rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Bí mo ti rí wọn báyìí ni mo mọ̀ pé n kò lè sá mọ́. Bóyá òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìṣáná àkọ́kọ́ kán mọ́ mi lọ́wọ́. Ọyẹ́ pa èkejì. Mo kúnlẹ̀, mo fi ara bo ẹ̀kẹta, ó gbà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tiná bọ ẹ̀yìn ilé tí ọmọ mi wà. N kò tíì dìde tán tí bẹẹrẹ fi gbiná yẹ̀ẹ̀. Atẹ́gùn ṣì ń fẹ́ sọ́dọ̀ wa, nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ni iná kọ́kọ́ yíjú sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ tútù kejì lù ú. Mò ń lù, mò ń sunkún, mò ń pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tí mo mọ̀. Irun iwájú mi jó. Ilẹ̀ gbígbá tó wà láàárín iná àti ògiri kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ, ilẹ̀ kan náà tí mo máa ń kùn sí bí Ìyá bá ní kí n gbá a láràárọ̀. Òun ni kò jẹ́ kí iná rí ohun rá pálá lé wá bá wa.

"Òkè! Wòkè!"

Ìyá ló kígbe. Etí òrùlé ti gbiná, ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo yí odó wá sídìí ògiri, mo gùn ún, mo ki ọwọ́ bọ koríko tó ń jó, mo fà á jáde, mo sọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún fà. N kò mọ̀ pé ó ń jó mi. Ìyá na igbá omi tó kù ní ìsàlẹ̀ àmù sí mi, mo dà á síbẹ̀, ó dún ṣìì. N kò lè sọ bí ó ti pẹ́ tó tí mo wà lórí odó yẹn. Lójú mi, mo ṣì wà níbẹ̀ nígbà mìíràn.

"Ó ń mí sínú," Ìyá ní. "Wò ó bó ṣe ń mí sínú."

Bí iná ńlá bá súnmọ́ tòsí, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ gbogbo sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mo rí i pé èéfín iná tèmi yíjú padà. Ó kọ ẹ̀yìn sí ilé, ó sì sáré la bẹẹrẹ mi kọjá lọ bá èyí tó ń bọ̀. Wọ́n pàdé. Wọ́n ga sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ooru wọn tì mí lu ògiri, lẹ́yìn náà kò sí ohun tí wọn yóò jẹ mọ́. Èyí tó kù gba ẹ̀gbẹ́ abà kọjá níbi tí àwọn ènìyàn gidi ti sun tiwọn lásìkò, ó jó àká àgbàdo wa tó wà lókèèrè, ó lọ. Abẹ́ aṣọ tútù ni ọmọ mi ti ń ké. N kò bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Mo fẹ́ kó máa ké lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin dé. Wọ́n ti rí èéfín láti ìlú. Ọkọ mi ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ tó dúró. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ, ó wo ọwọ́ mi tó ti bó, lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀ dúdú tó ṣì ń rú èéfín lẹ́yìn ilé. Àgbẹ̀ ni; ẹnikẹ́ni kò ní láti ṣàlàyé fún un.

"Ta ló fi koríko sílẹ̀ síbí?"

Mo kó ọwọ́ mi pa mọ́ sẹ́yìn.

"Èmi ni," ìyá rẹ̀ ní. "Èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí i fi bo yàrá. Ọ̀rọ̀ ogbó ni, n ò rò ó débẹ̀."

"Ìyá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ wa!"

"Mo ti gbọ́. Má pariwo lé mi lórí, ọmọ ń sùn."

Ọmọ kò sùn rárá. Ọkọ mi wá béèrè bí a ṣe ṣe é tí ilé kò fi jó. Ìyá ní, "Ìyàwó rẹ ni kó o bi. Ó gbé ọmọ gba ọ̀nà odò, mo pè é, ó sì padà wá jẹ́ mi." Kò sí irọ́ nínú èyí, kò sì sí òótọ́ tó lè pa mí lára. Mo wo ilẹ̀.

Yàrá tí mo ń fẹ́? Ọkọ mi kọ́ ọ lọ́dún kejì. Mo ru bẹẹrẹ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn títí ọrùn mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú, n kò kùn. N kò tilẹ̀ gbádùn rẹ̀. Màá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, màá rò pé mo gbọ́ ìró aṣọ tó ń ya, màá gbé ọmọ, màá padà lọ bá Ìyá lórí ẹní. Kò lé mi rí. Láti ọdún yẹn, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sun ẹ̀yìn ilé ní gbogbo abà. Mo máa ń sun ún nígbà tó ṣì tutù débi tí iná á máa kú mọ́ mi lọ́wọ́, tí àwọn obìnrin yòókù á máa fi mí rẹ́rìn-ín pé ẹ̀fọ́ ni mò ń sè.

Ó tó ọdún mẹ́wàá kí n tó lè la ẹnu sọ ọ́. A ti kó wá sílé onípáànù ní ìlú nígbà náà. Ìyá ti darúgbó gan-an, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ọ̀sán kan ni, ọyẹ́ ń fẹ́, mò ń fi òrí pa á lẹ́sẹ̀.

"Ìyá, ọjọ́ iná yẹn. Mo sá."

"Mo rí ẹ."

"Mo fi yín sílẹ̀ ni, Ìyá. Kì í ṣe pé mò ń lọ gbé ọmọ pa mọ́ kí n padà."

"Mo ní mo rí ẹ. Itan mi ló dá, ojú mi ò fọ́ nígbà yẹn."

"Ẹ wá ní kí n bo ọmọ lórí?"

"Kí ni kí n tún sọ? Èéfín ń bọ̀." Ó na ẹsẹ̀ kejì sí mi. "Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ká ní ẹsẹ̀ mi gbé mi ni, n bá ti ṣáájú ẹ dé odò, ìwọ lò bá máa sáré tẹ̀ lé mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sunkún, mo gbé orí lé orúnkún rẹ̀ tó kún fún òrí. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò rò ó rí pé ẹ̀rù ba òun náà. Ó fọwọ́ lé mi lórí, kò sì gbé e kúrò títí ẹkún mi fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé imú sókè, ó ń gbóòórùn atẹ́gùn bó ti máa ń ṣe ní abà.

"Ṣé ẹ ti sun ẹ̀yìn ilé?"

Ògiri ilé ẹlòmíràn ló wà lẹ́yìn ilé wa ní ìlú. Kò sí koríko níbẹ̀ tó tó èyí tí àgùntàn kan á jẹ.

"A ti sun ún, Ìyá," mo ní. "Èmi fúnra mi ni mo sun ún."